CMake tó ń tún ara rẹ̀ pè láìjẹ́ pé a rán an: ìrírí mi

Ẹ yí ìlà kan ṣoṣo padà nínú fáìlì `.cpp` kan, ẹ tẹ `ninja`, ẹ sì ń retí pé fáìlì kan náà ni yóò compile, ìyẹn ni pé kí ó yí padà láti kóòdù sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe. Dípò ìyẹn, `Re-running CMake...` ló kọ́kọ́ jáde, àyẹ̀wò compiler tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í compile láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí iná kì í lọ, ìnira lásán ni. Fún àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Kàbà, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogi, epo jẹnẹrétọ̀ ló ń jó yẹn, tàbí ìwọ̀nba bátìrì tó kù nínú láptọ́ọ̀pù.

Àpẹẹrẹ tí mo máa lò ni ètò C++ kan tó ń gba ìwọ̀n káṣú láti orí òṣùwọ̀n oníná, tó ń tẹ rìsíìtì fún àgbẹ̀, tó sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ẹni tó ń ra ọjà. CMake àti Ninja ló ń kọ́ ọ, lórí Ubuntu, irú Linux kan. Ẹni tó ń lo Make dípò Ninja yóò rí ibi tó kàn án níwájú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. CMake kì í compile nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ó ń ka `CMakeLists.txt` àti gbogbo fáìlì `.cmake` tí ìyẹn bá pè, ó wá kọ `build.ninja`. Ninja ló ń ka `build.ninja` tó sì ń pe compiler. Nínú `build.ninja` yìí, CMake fi ìlà kan sí i tó sọ pé `build.ninja` fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí a ń ṣe jáde, àti pé gbogbo fáìlì tí CMake kà ló gbára lé. `RERUN_CMAKE` ni orúkọ òfin náà. Kí Ninja tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ìlà yìí ló máa ń yẹ̀ wò. Bí ó bá rí fáìlì kan ṣoṣo nínú wọn tí àkókò àyípadà rẹ̀ gbẹ̀yìn ti `build.ninja`, CMake gbọ́dọ̀ tún ṣiṣẹ́. Kò wo ohun tó wà nínú fáìlì o. Àkókò tí a kọ sára rẹ̀ nìkan ló ń wò, bí àkókò náà bá jẹ́ irọ́, irọ́ náà ni yóò tẹ̀ lé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré ṣe ni `rm -rf build`. Ó máa ń dà bíi pé ó ti yanjú, nítorí `build.ninja` tuntun yóò ní àkókò tuntun. Ṣùgbọ́n ohun tó fà á ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rí tí ẹ lè fi mú un ló bá fóldà náà lọ. Mi ò ka ìyẹn sí àtúnṣe. Ẹ jẹ́ kí fóldà náà wà títí ẹ ó fi bi í léèrè.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló pe CMake. Bí `Re-running CMake...` bá hàn, Ninja fúnra rẹ̀ ló pinnu. Bí ẹ kò bá rí i, àmọ́ tí ẹ rí `-- Configuring done`, ẹlòmíràn ló pè é: bóyá skírípìtì `build.sh` tí ẹnì kan kọ, tó ń pe `cmake -S . -B build` ní gbogbo ìgbà, tàbí editor VS Code tó ń ṣe configure (ìyẹn kí CMake tún ka fáìlì rẹ̀ kó sì kọ `build.ninja`) nígbà tí ẹ bá tọ́jú `CMakeLists.txt`. Irú ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹ yọ ìlà náà kúrò nínú skírípìtì, kí ẹ fi `cmake --build build` nìkan sílẹ̀. Bí ó bá nílò láti tún ṣe configure, yóò ṣe é fúnra rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ Ninja ló pinnu, ẹ bi í ní ìdí:

`ninja -C build -n -d explain`

`-n` ní kó má ṣe nǹkan kan ní tòótọ́. `-d explain` ní kó sọ ohun tó rí. Bí `build.ninja` bá ti di àgbà lójú rẹ̀, yóò dárúkọ fáìlì tó fà á, yóò sì dúró síbẹ̀ láì pe CMake. Èsì rẹ̀ máa ń rí báyìí:

`ninja explain: output build.ninja older than most recent input ../cmake/version.cmake`

Nọ́ńbà gígùn méjì máa ń tẹ̀lé e. Àkókò fáìlì méjèèjì ni, tí a kà láti ọdún 1970, ní nanosecond nínú Ninja òde òní. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe èyí kí ẹ tó tẹ `ninja` gan-an, torí pé bí CMake bá ti lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti kọ `build.ninja` tuntun lé ẹ̀rí lórí. Mo máa ń sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n bá fura, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Fún Make, ẹ lo `make VERBOSE=1`. Nínú ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí yóò tú síta, ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Re-run cmake file: Makefile older than:`. Orúkọ fáìlì tó tẹ̀lé e ni ẹ ń wá. Gbogbo fáìlì tí CMake gbára lé ló wà nínú `build/CMakeFiles/Makefile.cmake`, ẹ lè ṣí i kà.

Nígbà tí orúkọ bá ti jáde, ẹ wo àkókò:

`stat -c '%y %n' build/build.ninja cmake/version.cmake; date`

Ohun mẹ́ta ni ìlà wọ̀nyí lè sọ fún yín. Bí àkókò fáìlì náà bá ju ti `date` lọ, tó wà ní ọjọ́ iwájú, aago ni ẹ ó bá wí. Bí kò bá sí ní ọjọ́ iwájú, àmọ́ tó bọ́ sí àkókò tí ẹ ṣe build kẹ́yìn gẹ́lẹ́, nǹkan kan nínú build yín ló ń kọ fáìlì náà. Bí `stat` bá sì sọ pé kò sí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, fáìlì tí kò sí ni ẹ ní kí CMake máa ṣọ́.

Aago ni mo máa ń fura sí ṣáájú níbí

Nínú ìwé tí àwọn ará òkè òkun ń kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, aago kì í gba ju ìlà kan lọ. Ní tiwa, ó yẹ kó gba ojú ìwé. Láptọ́ọ̀pù tí a ń rà jẹ́ àlòkù, bátìrì kékeré tó ń gbé aago inú rẹ̀ sì ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àkọ́kọ́, bátìrì ńlá náà kì í pẹ́ mọ́. Nígbà tí iná bá lọ tí ìyẹn sì tán pátápátá, kò sí ohun tó ń mú aago rìn. Èkejì, dátà kì í wà lórí ní gbogbo ìgbà, nítorí náà kò sí ibi tí kọ̀ǹpútà ti lè gba àkókò tó péye.

Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, CR2032 ni bátìrì aago náà, fólítì 3. Tí ẹ bá fi mítà wọ̀n ọ́n, tuntun máa ń ju 3 lọ díẹ̀. Tí ó bá ti wálẹ̀ dé 2.5, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nínú àwọn láptọ́ọ̀pù kan, wọ́n ti so wáyà mọ́ ọn tí a fi ń kì í bọ bọ́ọ̀dù, ẹ mú un lọ́wọ́ lọ bá oníṣẹ́ kí ó lè rí irú rẹ̀ gan-an.

Àwọn ẹ̀yà Ubuntu tó ń lo `systemd-timesyncd` ní ọgbọ́n kan tó ń bo àìsàn yìí mọ́lẹ̀. `systemd-timesyncd` máa ń pa àkókò tó mọ̀ kẹ́yìn mọ́ sí `/var/lib/systemd/timesync/clock`. Bí aago inú kọ̀ǹpútà bá padà sí ọdún tí wọ́n ṣe bọ́ọ̀dù rẹ̀, Linux kò ní padà sí ọdún náà. Ibi tí ó pa aago mọ́ sí kẹ́yìn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé tí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni yóò ṣì máa pè é. Ojú kì í tètè rí i, nítorí ọjọ́ tó kọ kò jìnnà. Ẹ wá gba `CMakeLists.txt` tuntun láti ọ̀dọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín, àkókò ọjọ́ Àìkú ló wà lára rẹ̀. Ẹ tẹ `ninja`. CMake ṣiṣẹ́, ó kọ `build.ninja`, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni `build.ninja` jẹ́. Ninja tún wò ó, ó ṣì rí i pé ó dàgbà ju `CMakeLists.txt` lọ, ó tún pe CMake. Yóò máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi sọ pé:

`ninja: error: manifest 'build.ninja' still dirty after 100 tries`

Nínú àwọn ẹ̀yà Ninja kan, ó ń fi `perhaps system time is not set` kún un. Ẹ gbà á gbọ́. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú `CMakeLists.txt` palẹ̀ nítorí èyí.

Òmíràn ni láptọ́ọ̀pù tó ní Windows àti Linux papọ̀. Windows máa ń kọ aago ilé sínú aago inú kọ̀ǹpútà. Linux máa ń rò pé UTC ni, àkókò tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìwọ̀n. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú UTC, a kì í sì yí aago padà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òjò. Nítorí náà, bí ẹ bá kúrò ní Windows wọ Linux láìsí dátà, aago Linux yóò fi wákàtí kan gẹ́lẹ́ ṣáájú. Gbogbo fáìlì tí ẹ bá kọ nígbà náà yóò wà ní ọjọ́ iwájú. Ẹ tan dátà láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́, aago tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Láti ìgbà yẹn ni àríwísí Make yóò ti bẹ̀rẹ̀: `has modification time 3.6e+03 s in the future`, àti `Clock skew detected. Your build may be incomplete.` Nọ́ńbà `3.6e+03` yẹn, 3,600 ìṣẹ́jú àáyá ni, wákàtí kan. Níbikíbi tí mo bá ti rí i ní Nàìjíríà, ibi tí Windows àti Linux ti ń pín aago ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ẹ tẹ `timedatectl`. Ìlà mẹ́ta ni kí ẹ kà: `Time zone` gbọ́dọ̀ jẹ́ `Africa/Lagos (WAT, +0100)`, `System clock synchronized` ń sọ bóyá ó ti rí àkókò gidi gbà, `RTC in local TZ` ń sọ irú èyí tó rò pé aago inú jẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà láti mú Windows àti Linux fohùn ṣọ̀kan. `timedatectl set-local-rtc 1` yóò mú Linux tẹ̀lé Windows, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ yóò kìlọ̀ fún yín pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tí mo yàn ni láti mú Windows lo UTC; nínú Command Prompt tí ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí administrator:

`reg add "HKLM\SYSTEM\CurrentControlSet\Control\TimeZoneInformation" /v RealTimeIsUniversal /t REG_DWORD /d 1 /f`

Bí kò bá sí dátà rárá, ẹ wo aago fóònù yín, èyí tó ń gba àkókò láti ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọọ̀kì, kí ẹ tẹ `sudo date -s` pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò bíi `'2025-03-14 09:20'`, lẹ́yìn náà `sudo hwclock --systohc` kí aago inú lè gbà á. Àtúnṣe aago nìkan kò tó o. Àwọn fáìlì tí wọ́n ti gba àkókò ọjọ́ iwájú ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wọn:

`find . -newermt now -not -path './.git/*'`

Bí orúkọ bá jáde, ẹ fi `-exec touch {} +` kún ìparí rẹ̀ kí gbogbo wọn di ti ìsinsìnyí. Build kan yóò tẹ̀lé e tí yóò gùn, nítorí pé gbogbo wọn ti di tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yẹ kó rọlẹ̀.

Fláàṣì

Ọ̀nà tí kóòdù ń gbà rìn láàárín wa kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Fláàṣì máa ń bá mọ́tò lọ láti Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀, agùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní àgọ́ NYSC ní Àṣàyà náà lè ní tirẹ̀ lọ́wọ́. FAT32, ọ̀nà kan tí a fi ń to fáìlì sórí díìsìkì, ló pọ̀ jù lára wọn. FAT kò mọ time zone, aago ilé ti kọ̀ǹpútà tó kọ ọ́ ló ń kọ síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi Ubuntu sórí ẹ̀rọ tí kò sì yí time zone kúrò ní ti Amẹ́ríkà, fáìlì kan náà yóò ní àkókò méjì lórí ẹ̀rọ méjì. Yàtọ̀ sí èyí, ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì ni FAT fi ń ka àkókò àyípadà. Fáìlì tí a kọ ní 10:00:03 lè di 10:00:02. Tí ẹ bá wá fi fóldà build sórí fláàṣì nígbà tí kóòdù wà lórí ẹ̀rọ, ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lè dà bí ẹni pé ó dàgbà ju ohun tó bí i lọ.

Nítorí náà, a kì í build lórí fláàṣì. A kì í sì fi fóldà build ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn: ibi tí fóldà náà wà ti wọ inú `CMakeCache.txt`, ẹ̀rọ kejì yóò sì kọ̀ ọ́ pé `The current CMakeCache.txt directory ... is different`. Bẹ́ẹ̀ náà ni `cp -r` lásán máa ń fi àkókò ìsinsìnyí sára gbogbo fáìlì, tí gbogbo rẹ̀ yóò fi di tuntun lójú Ninja. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ kó fóldà, `rsync -rt --modify-window=1` ni kí ẹ lò, kó lè fojú fo ìyàtọ̀ kékeré tí FAT dá sílẹ̀, kó sì fi èyí tí kò yí padà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Èyí tó dára jù ni kí ẹ má kó fóldà rárá. Git lè di gbogbo iṣẹ́ sínú fáìlì kan:

`git bundle create kasu.bundle --all`

Fáìlì kan náà ni kí ẹ gbé sórí fláàṣì. Ẹni tó gbà á á tẹ `git clone kasu.bundle` ní ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á máa `git pull` láti inú rẹ̀ bí ẹ bá ti fi tuntun rọ́pò. Git kì í gbé àkókò rìn, fáìlì tó yí padà nìkan ló máa ń tún kọ, aago ẹ̀rọ tó gbà á ló sì ń lò. Ọ̀rọ̀ time zone ti kúrò níbẹ̀. Owó dátà pẹ̀lú.

Fláàṣì tó ti gba orí Mac kọjá tún ní tirẹ̀. Mac máa ń fi fáìlì kékeré tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `._` sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì gidi. Tí `CMakeLists.txt` yín bá lo `file(GLOB ... CONFIGURE_DEPENDS "*.cpp")`, èyí tó ń ní kí CMake fúnra rẹ̀ wá gbogbo fáìlì `.cpp`, tó sì wà láti CMake 3.12, `._sikeeli.cpp` bá `*.cpp` mu. CMake yóò kà á mọ́ àwọn tó kù, àtòkọ fáìlì yí padà, configure tún ṣẹlẹ̀, compiler wá kọ̀ torí pé kì í ṣe kóòdù ló wà nínú rẹ̀. Editor Emacs náà máa ń dá `.#sikeeli.cpp` sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣàtúnṣe tí ẹ kò tíì tọ́jú. Mo ti jáwọ́ nínú GLOB. Kíkọ orúkọ fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan kò pa ẹnikẹ́ni.

Build tó ń kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń kà

Bí aago bá mọ́, ibí ló kàn. Nínú ètò káṣú yẹn, ẹnì kan fẹ́ kí nọ́ńbà ẹ̀yà hàn lórí rìsíìtì. Ó ṣe `add_custom_target(eya ALL ...)` tó ń kọ `cmake/version.cmake` ní gbogbo ìgbà tí build bá ṣẹlẹ̀. `CMakeLists.txt` sì ń `include()` fáìlì kan náà. Gbogbo ohun tí a bá `include()` di ohun tí `build.ninja` gbára lé. Gbogbo fáìlì tí a bá fi ṣe ìpìlẹ̀ `configure_file` pẹ̀lú. Ó wá di pé build tòní ló ń fa configure tọ̀la, bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ohun tí build ń kọ má ṣe wà lára ohun tí configure ń kà. Ẹ kọ ọ́ sínú fóldà build, sínú fáìlì `.cpp` kékeré kan, kí ẹ sì fi `cmake -E copy_if_different` gbé e sí àyè rẹ̀, kí àkókò rẹ̀ má baà yí padà nígbà tí ohun inú rẹ̀ kò yí padà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún `file(WRITE)`. Ó máa ń kọ fáìlì ní gbogbo ìgbà, kódà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ `config.h` ló ń kọ, gbogbo fáìlì tó ń lo `config.h` yóò compile lẹ́yìn gbogbo configure. `configure_file` àti `file(GENERATE)` kì í fọwọ́ kan fáìlì tí kò yàtọ̀. Ẹ lo ọ̀kan nínú méjèèjì.

Àwọn kan máa ń fi `.git/index` sínú `CMAKE_CONFIGURE_DEPENDS`, àtòkọ fáìlì tí a ní kí CMake máa ṣọ́, kí nọ́ńbà ẹ̀yà lè máa tẹ̀lé commit. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n `git status` lásán lè tún `.git/index` kọ láti fi sọ ìmọ̀ rẹ̀ di tuntun. Àwọn editor tó ń fi àwọ̀ hàn lára fáìlì sì ń bi git léèrè lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ ṣí editor, configure dé. `.git/logs/HEAD` ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, torí pé ìgbà tí commit tàbí checkout bá ṣẹlẹ̀ ló ń yí padà.

Tí fáìlì tí ẹ dárúkọ sí `CMAKE_CONFIGURE_DEPENDS` kò bá sí, bóyá torí pé ẹnì kan yí orúkọ rẹ̀ padà, Ninja kò ní pariwo. CMake ti kọ ọ́ sínú `build.ninja` pé kí àìsí rẹ̀ má jẹ́ àṣìṣe. Ohun tí kò sí sì máa ń jẹ́ ẹlẹ́gbin (dirty, ohun tó yẹ kí a tún ṣe) lójú Ninja nígbà gbogbo, ẹ ó sì padà bá `still dirty after 100 tries` tó ti wà lókè, láìjẹ́ pé aago ló fà á. Ìdí nìyẹn tí `stat` fi ṣe pàtàkì.

Fóldà kan, ọ̀gá méjì

VS Code ń lo compiler clang++, ẹ̀yin ń lo compiler g++ nínú terminal, `build` kan náà sì ni ẹ jọ ń lò. Ẹ ó rí `You have changed variables that require your cache to be deleted.` Oníkálukú ń pa ohun tí èkejì tò rẹ́. Ẹ ya fóldà wọn sọ́tọ̀: `CMakePresets.json`, tó wà láti CMake 3.19, lè fún oníkálukú ní `binaryDir`, ìyẹn fóldà build, tirẹ̀. Ohun kan náà ni mo ń ṣe fún branch. Tí `CMakeLists.txt` bá yàtọ̀ ní branch méjì, `git checkout` sí ọ̀kan àti padà yóò fa configure ní ìgbà méjèèjì. `git worktree add ../kasu-atunse atunse` yóò fún branch kejì ní fóldà tirẹ̀ àti build tirẹ̀.

Nígbà mìíràn, configure fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìṣòro, àkókò tó ń gbà ni. Tí ẹ bá ń fi `FetchContent` gba láíbìrì, tí `GIT_TAG` sì jẹ́ orúkọ branch, gbogbo configure yóò kàn sí íntánẹ́ẹ̀tì. Láìsí dátà, yóò dúró, yóò sì kùnà. Ẹ fi nọ́ńbà commit gígùn sí `GIT_TAG`, kó má baà wá a mọ́ tí ó bá ti wà lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, `-DFETCHCONTENT_FULLY_DISCONNECTED=ON` á tì í pa.

Fún iṣẹ́ àtijọ́ tó ń lo Autotools, irinṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ bíi ti CMake: àmì rẹ̀ ni `'aclocal-1.16' is missing on your system` lẹ́yìn `git clone`. Git kò gbé àkókò wá, `configure.ac` wá dà bí ẹni pé ó kéré lọ́jọ́ orí ju `configure` lọ. `touch aclocal.m4; sleep 1; touch configure Makefile.in config.h.in` máa ń tó. Bí iṣẹ́ náà bá ní fóldà abẹ́ tó ní `Makefile.in` tiwọn, ẹ fọwọ́ kan àwọn náà.

Nígbà tí configure ti dákẹ́ àmọ́ tí gbogbo fáìlì ṣì ń compile

Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń wá papọ̀. Ẹ tún lo `-n -d explain`. Tí ẹ bá rí `command line changed for`, àkókò kọ́ ló fà á. Ninja ń tọ́jú àmì àṣẹ tó fi compile fáìlì kọ̀ọ̀kan sínú `.ninja_log`, tí àṣẹ bá yí padà, ó di dandan kó tún un ṣe. Ẹni tó máa ń ṣokùnfà rẹ̀ jù ni `add_compile_definitions(EYA="...")` tó gba nọ́ńbà láti `git describe`. Commit kan, nọ́ńbà tuntun, gbogbo àṣẹ yí padà. Ẹ fi `set_source_files_properties` so àlàyé náà mọ́ fáìlì kan ṣoṣo, `eya.cpp`, kí àwọn tó kù sì máa pe iṣẹ́ (function) kékeré kan láti inú rẹ̀. Nígbà náà fáìlì kan ni yóò compile, tí link yóò tẹ̀lé e.

Fún ìgbà tí kò sí bí a ṣe lè ṣe é, ẹ fi ccache, tó ń tọ́jú èsì compile, sí i: `sudo apt install ccache`, lẹ́yìn náà `-DCMAKE_CXX_COMPILER_LAUNCHER=ccache` nígbà configure. Ohun tó wà nínú kóòdù àti àṣẹ tí a fi compile rẹ̀ ni ccache ń wò. Tí àwọn wọ̀nyí kò bá yí padà, èyí tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni yóò gbé jáde, bó ti wù kí Ninja ní kí gbogbo rẹ̀ tún ṣe tó. `ccache -M 2G` fi ààlà sí àyè tó lè gbà lórí díìsìkì, `ccache -s` sì ń fi hàn ìgbà tó rí i àti ìgbà tí kò rí i. Bí àwọn tí kò rí bá pọ̀ jù láìnídìí, ẹ wá `__TIME__` nínú kóòdù yín: fáìlì tó bá lò ó kì í dúró sójú kan, ccache kò sì ní fọwọ́ sí i.